Ègé Búrẹ́dì Ogún, Káàdì Ìnṣọ́ránsì Kan

Hancock, Michigan
19 Jánúárì

Annika ọmọ mi,

Ṣé ara dá? Ṣé òtútù Oulu, ní Finland níbẹ̀, ò ju ti ibí lọ? Yìnyín ti bo fèrèsé ilé ìdáná wa dé ìdajì, ọ̀sán gangan ni mo ń tan iná. Mo mọ̀ pé a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìwọ á ní dáadáa ni, èmi náà á ní dáadáa ni, a ó sì pa á. Ohun tó bá ṣe pàtàkì, inú lẹ́tà ni mo fẹ́ ká máa kọ ọ́ sí.

Ní oṣù Kẹta ni màá pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì ní Amẹ́ríkà ti gbọ́. Láti ìgbà Kérésìmesì, ìwé mọ́kànlélógójì ló ti wọ inú àpótí lẹ́tà wa. Gbogbo wọn ló ní àwòrán tọkọtaya onírun funfun tó ń rẹ́rìn-ín lórí kẹ̀kẹ́. Mi ò mọ ẹnì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ní Hancock tó ń gun kẹ̀kẹ́, áńbọ̀sì kó tún máa rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó, mo fa ìlà sí àárín ìwé. Mo kọ ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbà sí apá òsì, mo kọ ti ibi iṣẹ́ sí apá ọ̀tún. Ti ìjọba ní abala méjì tó ṣe kókó. Abala A ni ti ilé ìwòsàn. Ọ̀fẹ́ ni, torí pé láti ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti ń yọ ọ́ lára owó oṣù mi. Abala B ni ti dókítà. Oṣooṣù lèèyàn ń sanwó rẹ̀. Kò sí eyín nínú rẹ̀, kò sí awò ojú, kò sí ti etí. Ó jọ pé ìjọba gbà pé ẹni tó bá ti dàgbà tó mi ò lo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn mọ́. Ti ibi iṣẹ́ ní eyín, ó ní awò ojú, ó sì ní ìwọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ti ìjọba, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Ti ibi iṣẹ́ kọ orúkọ rẹ sórí káàdì, lábẹ́ orúkọ mi, títí o ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn ku ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá. Nítorí náà, màá máa bá iṣẹ́ lọ ní ilé-iṣẹ́ ìlagi Dahlgren títí dìgbà náà, mi ò sì ní gba Abala B.

Orúnkún mi ò burú. Ó kàn máa ń dún nígbà tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, àwọn tó ń lagi nísàlẹ̀ sì ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀.

Kọ̀wé. Sọ ohun tí ò ń jẹ fún mi.

Èmi ìyá rẹ,
Verna


Oulu
4 Fẹ́búárì

Màmá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́. Lẹ́tà yín dé lánàá. Ara mi dá. Ọbẹ̀ ẹja àti búrẹ́dì dúdú ni mò ń jẹ. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ń fún àwọn arúgbó ni wọ́n ń fún àwa òṣìṣẹ́, nítorí náà mò ń jẹun bí ẹni ọgọ́rin ọdún.

Màmá, ẹnì kan ti sọ ti orúnkún yìí fún mi kí lẹ́tà yín tó dé. Wọ́n ní ẹ̀yìn lẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn báyìí, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà.

Ẹ gba káàdì ìjọba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún náà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀; ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti tó. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lórí káàdì ibi iṣẹ́ yẹn. Láti ọdún méjì tí mo ti wà níbí, mi ò lò ó rí. Níbí, torí pé mò ń gbé láàárín wọn tí mo sì ń ṣiṣẹ́, wọ́n fún mi ní tèmi. Nígbà tí etí dùn mí ní oṣù Kọkànlá, mo lọ, mo jókòó dè wọ́n, wọ́n wò ó, mo lọ sílé. Kò sí ìwé gbèsè kankan tó tẹ̀ lé mi wálé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: òṣìṣẹ́ mélòó ló wà ní Dahlgren? Mo kà á pé tí òṣìṣẹ́ ò bá pé ogún, fún ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, ìjọba ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san, ti ibi iṣẹ́ á wá san ìyókù. Ẹni tí kò bá wá gba Abala B, kò sí ẹni tó máa san apá àkọ́kọ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí rẹ̀.

Ọmọ yín,
Annika


Hancock
22 Fẹ́búárì

Annika,

Mo kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìdúró. Mo jókòó, mo tún un kà, kò yí padà.

“Ẹ yọ orúkọ mi kúrò.” Ohun tí o kọ nìyẹn. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ ti kú, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àpótí lẹ́tà, kò sì ní kí n yọ ọ́. Ìwọ tó wà láàyè lo ní kí n yọ tìẹ.

Jẹ́ kí n bi ọ́. Bí o bá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lọ́hùn-ún ńkọ́, tí wọ́n gbé ọ wá sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán? Bí iṣẹ́ yẹn bá dópin lójijì? Wàá dé Hancock, wàá ní o ò ní káàdì, èmi á sì ní kí ló dé, wàá ní ìwọ lo ní kí n yọ ọ́. Bàbá ńlá rẹ kúrò ní ìlú tí o wà yẹn pẹ̀lú àpò kan. Wọ́n ní ebi ló lé e. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ìwọ padà lọ síbẹ̀, o ní ìtọ́jú wọn dára. Mi ò sọ nǹkan kan.

Mo mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn fún ọ. Bàbá Eino ni. Òun nìkan ló máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn láìní nǹkan gidi kan tó ń ṣe.

Ní ti iye òṣìṣẹ́, ogún ni wá géérégé. Mo mọ̀ ọ́n dájú, torí pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ, èyí tí mo máa ń dì bí ẹni dirun, tí mo ń fi kádámọ́mù, èròjà olóòórùn dídùn yẹn, sí. Ogún ni mò ń gé e sí. Kálukú á mú ègé kan pẹ̀lú kọfí, á sì tán. Kò ṣẹ́ kù rí, kò sì sí ẹni tí kò kàn rí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Nítorí náà, ibi iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ san, mi ò sì nílò Abala B.

Dókítà ti fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà. Káàdì ibi iṣẹ́ ni màá gbé lọ. Inú rẹ dùn àbí?

Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá rẹ


Oulu
9 Máàṣì

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ ìbí tó ń bọ̀. Ẹ̀mí yín á gùn, orúnkún yín náà á bá a dé ibẹ̀. Ìbọ̀wọ́ onírun wà lọ́nà.

Ẹ má bínú sí mi. Orí káàdì ni mo ní kí ẹ ti yọ mí, kì í ṣe inú ilé.

Òótọ́ ni, Bàbá Eino ló kọ̀wé sí mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n Màmá, ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé gíráámà ni Bàbá Eino ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gé kéèkì ọjọ́ náà. Ó kàn ń wá síbẹ̀ láràárọ̀ ni, láti mu kọfí àti láti gbá ìyẹ̀fun pákó jọ, torí pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé rẹ̀ sì dákẹ́ jù fún un. Kì í gba owó oṣù.

Ṣé ẹ ń ka ègé tirẹ̀ mọ́ ogún yẹn?

Tí ẹ bá ń kà á mọ́ ọn, mọ́kàndínlógún ni yín. Tí ẹ bá jẹ́ mọ́kàndínlógún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan orúnkún yẹn kí Abala B tó wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹfà sì ni ilẹ̀kùn àtigba Abala B máa tì. Ẹni tó bá jẹ́ kó tì, ó di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á sì máa fi èlé lé owó oṣooṣù rẹ̀ títí ó fi máa kú. Arábìnrin Pelkie máa ń jókòó ní láíbìrì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn àgbà. Ẹ lọ bá wọn.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Tí ẹ bá fèsì, màá sọ ọ́.

Annika


Oulu
11 Épírì

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Lórí fóònù, ẹ ní dáadáa ni. Mo béèrè Bàbá Eino, ẹ ní yìnyín ti ń yọ́. Mo béèrè Abala B, ẹ ní búrẹ́dì wà nínú ààrò. Ọjọ́ Ajé ni mo pè yín. Ọjọ́bọ̀ lẹ máa ń yan búrẹ́dì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Annika


Oulu
6 Méè

Màmá,

Iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́tà ń lo bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ́nà. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Eino.

Annika


Hancock
19 Méè

Annika ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Àìkọ̀wé mi ò burú tó bí o ṣe rò. Mo ń kà ni.

Lẹ́yìn lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹta, mo gé búrẹ́dì fún ọjọ́ Ẹtì méjì láìwo apá ibi tí Bàbá Eino jókòó sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, orí èèyàn ni mo kà. Mọ́kàndínlógún, àti Bàbá Eino. Mo tún un kà, mo ka ajá ibi iṣẹ́ mọ́ ọn, ó pé ogún, ṣùgbọ́n ajá náà kì í gba owó oṣù. Mo gòkè lọ bá Carl Dahlgren, ọ̀gá wa. O mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Ojú mi ni Carl ṣe dàgbà.

“Carl, òṣìṣẹ́ mélòó ni wá níbí?”

“Ogún, mà.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń gé búrẹ́dì.”

Mo jókòó. Ó ní òun náà ti kọ ogún sínú fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì. Ó pe oníṣirò owó tó ń ṣètò owó oṣù wa ní Marquette. Ìyẹn ní mọ́kàndínlógún ni, pé ó ti tó ọdún méje. Ojú Carl rẹ̀ wẹ̀sì. Ọmọ dáadáa ni. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun máa gba Bàbá Eino padà síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

“Iṣẹ́ kí ni?” Bàbá Eino béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni.

“Ohun tí ẹ ń ṣe náà ni, Bàbá.”

“Ohun tí mò ń ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Tó o bá ń sanwó fún mi, ó di dandan kí n máa tètè dé.”

Ó kọ̀. Mo lọ bá Arábìnrin Pelkie ní láíbìrì, obìnrin tó fún ọ ní máàkì tó burú jù ní ìṣirò. Mo gbé ìwé tí mo fa ìlà sí láàárín síwájú rẹ̀. Ó fi bírò pupa ṣàtúnṣe rẹ̀. Ó ní ká tilẹ̀ gba Bàbá Eino lónìí, kò ràn mí lọ́wọ́, torí pé a gbọ́dọ̀ ti pé ogún fún ogún ọ̀sẹ̀.

“Verna,” ó ní, “tó o bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìní Abala B, ibi iṣẹ́ á ní kí ìjọba kọ́kọ́ san. Ìjọba á ní àwọn ò mọ̀ ọ́ rí. Ilé tó ò ń gbé ló máa san án.”

“Ṣé tí mo bá gba Abala B, mo ṣì lè máa ṣiṣẹ́, kí orúkọ ọmọ mi wà lórí káàdì ibi iṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, tó o bá lè máa lọ síbi iṣẹ́. Oṣù mélòó ni dókítà ní kó o fi jókòó?”

“Mẹ́ta.”

“Ìnṣọ́ránsì yín ò dúró de ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Mo ti ka ìwé rẹ̀. Ibo lọmọ náà ń gbé?”

“Finland.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Verna, ọmọ yẹn ní ìnṣọ́ránsì jù ẹ́ lọ.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Fọ́ọ̀mù Abala B wà lórí tábìlì ilé ìdáná. Tí mo bá fi sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, ó máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, iṣẹ́ abẹ á sì wáyé lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí oṣù tí mo bá dùbúlẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ bá ti parí, ìwọ bọ́ lórí káàdì nìyẹn. Tí mi ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, mo lè máa fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ títí o ó fi pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti ń mọ́ mi lára.

Mi ò tíì fọwọ́ sí i. O ní ohun kan wà tí o fẹ́ sọ. Sọ ọ́.

Ìyá rẹ,
Verna


Oulu
29 Méè

Màmá mi,

Lẹ́tà yín dé ní àárọ̀ yìí. Màá pè yín tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin á ní dáadáa ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí náà.

Ohun tí mi ò sọ rèé. Ní oṣù Kíní, wọ́n fi iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke lọ̀ mí níbí, mo sì gbà á. Mi ò ní padà wá gbé ní Hancock mọ́, Màmá. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ni lẹ́tà yín bọ́ sọ́wọ́ mi, tí ẹ ní ẹ máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì sí i kí n lè ní káàdì tí mo bá padà dé. Ó wá di pé ẹ ń fi orúnkún yín tọ́jú àyè de ẹni tí kò bọ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo wá sọ ti káàdì dípò rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ káàdì rọrùn láti sọ.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ni màá dé, màá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ mi ni láti máa gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ò ní lè bá mi jà lórí rẹ̀.

Tí ẹ ò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i.

Ọmọ yín,
Annika


Hancock
1 Júùnù

Annika ọmọ mi,

Lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, o ní ò ń bọ̀ wá ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní dáadáa ni. O tún ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà tó ń bọ̀ lọ́nà. Mi ò bi ọ́ léèrè, torí pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo kọ̀wé sí Bàbá Eino pé o ti gba iṣẹ́ títí ayé, pé kó wá ọ̀nà bá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bàbá Eino mú ègé búrẹ́dì tirẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ó rì í sínú kọfí, ó ní, “Ọmọ rẹ ò bọ̀ mọ́. Fọwọ́ sí ìwé.” Bó ṣe mọ jẹ́jẹ́ mọ nìyẹn.

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Arábìnrin Pelkie ní kí n tún ra ọ̀kan tó máa san ìyókù tí ìjọba ò san, àti òmíràn fún oògùn. Obìnrin tó sọ pé òun ò fẹ́ ti ìjọba ti wá di oníwèé mẹ́ta. Káàdì ìjọba dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Orúkọ kan ló wà lórí rẹ̀. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn, bóyá.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ogún ni mo gé búrẹ́dì náà sí. Carl ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, méjìdínlógún ni wọ́n máa jẹ́. Bàbá Eino ní mọ́kàndínlógún ni. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ní òun máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun ò ní dì í bí irun.

Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Òní ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí Oulu, mo sì mọ̀ pé o máa ti wà lọ́nà ibí kó tó débẹ̀. Nígbà tí o bá fi kà á, a ti rí ara wa, o ti gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, a ti jà, o sì ti padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ohun tí mi ò bá rí sọ lójú rẹ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o bá a nínú ilé rẹ. Mo kọ “ilé rẹ.” Mo rí i.

Káàdì ibi iṣẹ́ wà nínú àpòòwé yìí. Orúkọ mi wà lókè, tìẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò yọ ọ́. Wọ́n kàn máa pa á ni, ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù yìí. Tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ bá dé lásìkò, tí o sì tètè já lẹ́tà, á ku ọjọ́ méjì tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Má lò ó.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Verna